Kòtò Kékeré àti Ọ̀rọ̀ Ibi Tí Ó Wà: Ìtàn Wíwa Òkúta Wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

1.0 ÌFÁÀRÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ kòtò òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ mu. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ la ọ̀nà tuntun tàbí tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí agbègbè kan, ẹnì kan ní láti wá ibi tí wọn yóò ti wa òkúta àti yangí tí wọn yóò lò. Ibi tí wọ́n bá rí kì í sábà tóbi. Ó lè jẹ́ oko ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí kò jìnnà sí ọ̀nà. Nítorí pé kò tóbi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu àwọn tí ó fẹ́ gbẹ́ ẹ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń béèrè kò sábà ju méjì lọ: ta ni ó ni ilẹ̀, èló ni yóò sì gbà?

Iṣẹ́ yìí tọpa ìtàn ìbéèrè kẹta, èyí tí ó pẹ́ kí ó tó wọ inú ìwé òfin: irú ibo ni ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ yìí? Kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀? Níbo ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ? Àwọn wo ni wọ́n ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò? Kókó iṣẹ́ yìí ni pé títóbi kòtò nìkan kò tó láti fi mọ ìpalára tí yóò ṣe. Ibi tí ó wà ni ó ń pinnu èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti gba èyí láti ọdún 1992, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti wọn nǹkan, títóbi ni ó tún gbé lé orí òṣùwọ̀n níbi púpọ̀. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni kòtò kékeré ń gbà kọjá.

2.0 ILẸ̀ ÀTI OMI ABẸ́ RẸ̀

Apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá, láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Iléṣà àti Èkìtì, ni ó wà lórí òkúta ìpìlẹ̀ líle tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀ gidigidi. Ní ìhà gúúsù, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá dé Ìjẹ̀bú, Èkó àti etí òkun, ohun tí omi wọ́ jọ ni ó bo òkúta ìpìlẹ̀ náà mọ́lẹ̀: iyanrìn, amọ̀, àti òkúta ẹfun irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékoro.

Ọ̀nà mẹ́ta ni òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń gbà wà ní orí òkúta ìpìlẹ̀ yìí. Èkíní ni yangí. Òjò tí ó ń rọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún fọ àwọn nǹkan mìíràn kúrò nínú ilẹ̀, ó ṣẹ́ ku irin inú rẹ̀, irin náà sì dì, ó le, ó sì pọ́n. Èkejì ni ọta funfun, èyí tí kì í jẹrà nígbà tí òkúta tí ó yí i ká bá jẹrà; ó máa ń tò lọ bí ẹní lábẹ́ erùpẹ̀ òkè. Ẹ̀kẹta ni òkúta tí odò ti yí, tí ó ti di róbótó, tí ó sì kó jọ sí ìsàlẹ̀ odò tàbí sí etí rẹ̀. Ẹni tí ó bá wa yangí ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ọ̀gbàrá ni kí ó kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ẹni tí ó bá wa òkúta inú odò ń yí ọ̀nà tí odò ń gbà padà.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó ṣe pàtàkì jù. Òkúta ìpìlẹ̀ kì í gba omi sínú, àfi níbi tí ó bá ti sán. Nítorí náà, inú ilẹ̀ rírà tí ó wà lórí òkúta náà ni omi kànga àti omi ìsun ń gbé. Ibi mìíràn wà tí ilẹ̀ rírà yìí kò nípọn ju mítà mélòó kan lọ. Ẹni tí ó bá kó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, kì í ṣe erùpẹ̀ nìkan ni ó kó. Ìkòkò tí ń gba omi dúró fún abúlé ni ó gbé lọ. Bí ó bá sì gbẹ́ ẹ kọjá ojú omi abẹ́ ilẹ̀, kòtò náà yóò di adágún. Oòrùn yóò máa fa omi rẹ̀, epo ọkọ̀ àti ti katapílà yóò máa kán sínú rẹ̀, omi kan náà ni yóò sì máa jò lọ sínú kànga àwọn ará àdúgbò.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ń tan àwọn aṣàyẹ̀wò jẹ. Ojú omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sí ojú kan. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń lọ sílẹ̀. Ní ìgbà òjò, ó ń gòkè. Ẹni tí ó bá yẹ ibi kan wò nígbà ọyẹ́ yóò rí ilẹ̀ gbígbẹ, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí omi níbẹ̀. Bí ó bá padà wá ní oṣù kẹsàn-án, ó lè bá ibẹ̀ nínú omi. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí kò bá kan ìgbà méjèèjì kò tíì pé.

3.0 WÍWA ILẸ̀ KÍ ÌJỌBA ÒYÌNBÓ TÓ DÉ

Wíwa ilẹ̀ àti òkúta kì í ṣe ohun àjòjì sí àwọn Yorùbá. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojú ọ̀nà, wọ́n sì to ọta funfun wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ mọ́ ọn ní ibòmíràn láti fi ṣe ọnà. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Erédò Sùǹgbọ́, tí ó jẹ́ yàrà àti odi papọ̀, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kòtò ilẹ̀pa tí wọ́n fi ń mọ ilé. Ibi tí kò jìnnà sí ilé ni wọ́n ti sábà ń gbẹ́ ẹ, nítorí pé orí ni wọ́n fi ń ru erùpẹ̀ àti omi tí wọ́n fi ń pò ó. Lẹ́yìn tí ilé bá parí, kòtò náà a di ààtàn, tàbí kí ó máa gba omi òjò. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ohun tí àwọn ará ìṣáájú ṣe ni ó dára. Omi tí ó dá rogún lẹ́yìn ilé ń bí ẹ̀fọn nígbà náà gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bí i lónìí.

Síbẹ̀, ohun méjì ni ó dín ìpalára kù. Àkọ́kọ́ ni agbára. Ọkọ́ àti agbọ̀n ni wọ́n ń lò, kòtò kan a sì máa pẹ́ kí ó tó jinlẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tí ó gbẹ́ kòtò ni ó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òun ni yóò sì fara gbá ohun tí ó bá ti ibẹ̀ jáde. Àwọn ibì kan sì tún wà tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kàn. Igbó òrìṣà àti ìsun omi ìlú wà lára wọn. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75, tí àjọ UNESCO sì fi sínú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ni àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù. Ẹ̀rù òrìṣà ni ó fi igbó náà sílẹ̀ láìgé, ṣùgbọ́n etí odò pẹ̀lú jàǹfààní rẹ̀. Èèwọ̀ irú èyí jẹ́ òfin ibi. Kò béèrè bí kòtò ṣe tóbi tó.

4.0 ÒKÚTA ARÒ ÀTI ETÍ ÒKUN ÈKÓ

Ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ ya ẹni tí ó ń wa òkúta sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó ń lo òkúta. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó. Ní 1901 ó dé Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, òkúta Abẹ́òkúta lè di òkúta Èkó láàrín ọjọ́ kan.

Lílò tí ó tóbi jù tí wọ́n lo àǹfààní yìí ni ti ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó. Iyanrìn tí òkun ń kó jọ sí ẹnu ọ̀nà náà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé. Forcados ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń já ẹrù sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e wá sí Èkó. Ní 1908 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ògiri òkúta tí wọ́n nà wọ inú òkun láti lé iyanrìn sẹ́yìn. Arò, ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, tí rélùwéè sì ń gbé e lọ sí Èkó.

Òkúta ńláńlá ni òkúta Arò, kì í ṣe òkúta wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́; iṣẹ́ ìjọba sì ni, kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ìdí tí ó fi yẹ kí ìtàn yìí mẹ́nu bà á ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Ní etí òkun Èkó, ìgbì ń ti iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí ògiri òkúta dúró, iyanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, apá ìlà-oòrùn kò sì rí tirẹ̀ gbà mọ́. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etíkun Victoria, èyí tí wọ́n tún ń pè ní Bar Beach. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, ilẹ̀ tí ó ju kìlómítà kan lọ ti wọ inú omi níbẹ̀, láti àwọn ọdún 1960 sì ni ìjọba ti ń da iyanrìn sí i léraléra tí òkun sì ń kó o lọ.

Ọkọ̀ ńlá wọ Èkó, èrò tí ó mú wọn kọ́ ògiri náà sì ṣẹ. Ohun tí kò sí nínú ìṣirò ni ibi tí ìpalára yóò ti jáde. Kò jáde ní Arò, kò sì jáde ní ẹnu ọ̀nà èbúté. Apá ibòmíràn ni ó ti jáde, lára àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti kòtò kékeré lẹ́bàá odò: ẹni tí ó gbẹ́ ẹ lè má rí ohunkóhun, kí ẹrọ̀fọ̀ sì dé ojú omi abúlé tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

5.0 Ọ̀NÀ Ọ̀DÀ ÀTI KÒTÒ Ẹ̀GBẸ́ Ọ̀NÀ

Ọ̀nà ọ̀dà ni ó sọ kòtò kékeré di púpọ̀. Ọkọ̀ ojú irin lè gba òkúta láti ibì kan ṣoṣo, nítorí pé ìrìn rẹ̀ kò wọ́n. Ọkọ̀ tipà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ibi tí wọ́n ti ń kó yangí bá ṣe jìnnà tó ni owó epo àti owó awakọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, agbaṣẹ́ṣe kì í fẹ́ kí ibi tí òun ti ń kó erùpẹ̀ jìnnà sí ibi tí òun ń dà á sí, bí ọ̀nà bá sì ṣe ń tẹ̀síwájú ni kòtò tuntun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé fún ìjọba, ni irú iṣẹ́ yìí gbèrú. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, ni ó lókìkí jù nínú wọn, ṣùgbọ́n àìmọye ọ̀nà ìpínlẹ̀ àti ọ̀nà oko ni wọ́n là pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀nà jẹ́ ohun rere, kò sì sí àgbẹ̀ tí kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá parí, agbaṣẹ́ṣe a kó katapílà rẹ̀ lọ, kòtò a sì ṣẹ́ kù. Erùpẹ̀ òkè tí oúnjẹ ń hù lórí rẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ líle tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ti yọ síta, òjò sì ń ti etí kòtò gbẹ́ ojú ọ̀gbàrá wọ inú oko tí ó kàn. Omi a kún inú rẹ̀ nígbà òjò. Àwọn ọmọdé a máa lọ wẹ̀ níbẹ̀ láìmọ bí ó ti jìn tó, ìyá wọn kò sì ní fọkàn balẹ̀ títí wọn yóò fi padà wálé.

6.0 ÒFIN: LÁTI ORÍ OHUN-ÌNÍ DÉ ORÍ ÀYÍKÁ

Fún ìgbà pípẹ́, ìbéèrè ẹni tí ó ni nǹkan ni òfin gbájú mọ́. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 1946 gbé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ Nàìjíríà lé ọwọ́ Adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà òmìnira, ìjọba Nàìjíríà ni ó jogún rẹ̀. Ní 1969, ìjọba ológun gbé òfin kalẹ̀ fún wíwa òkúta ní pàtó. Àṣẹ, ìwé ẹ̀tọ́ àti owó tí ìjọba yóò gbà ni ó kún inú àwọn òfin wọ̀nyí.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti oṣù kẹta 1978 tún ọ̀rọ̀ náà gbé dé ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀. Abala 28 fún gómìnà ní agbára láti fagi lé ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ bí wọ́n bá nílò ilẹ̀ náà fún wíwa ohun èlò ìkọ́lé. Abala 29 sì sọ ohun tí àgbẹ̀ yóò gbà: iye ohun tí ó gbìn àti ohun tí ó kọ́. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ní ju iye owó ilẹ̀ tí ó san ní ọdún náà lọ, bí ó bá san án. Wàyí o, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kì í san owó lórí ilẹ̀ tí wọ́n jogún. Èyí já sí pé àgbẹ̀ lè gba owó iṣu àti owó kòkó rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, kí ó má sì rí ohunkóhun gbà lórí àwọn ọdún tí ilẹ̀ kòtò kò fi ní lè so èso mọ́. Òfin náà ka ilẹ̀ sí ohun tí ó máa ń padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kì í padà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó yí ojú òfin sí àyíká kò ti inú kòtò wá rárá. Ní 1988, àṣírí tú pé àwọn kan ti kó pàǹtí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá dà sí Kókò, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ìbínú ará ìlú pọ̀, kí ọdún náà sì tó parí, ìjọba ti dá àjọ àpapọ̀ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀ nípa òfin No. 58. Ní oṣù Kejìlá 1992 ni òfin No. 86 tẹ̀ lé e, èyí tí ó pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ yóò ní lórí àyíká wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan wà nínú abala kejì òfin yìí tí ó ṣe kókó. Ó ní kí àyẹ̀wò wáyé níbi tí títóbi iṣẹ́, irú rẹ̀, tàbí ibi tí ó wà bá lè mú kí ó pa àyíká lára. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ibi tí iṣẹ́ wà dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ títóbi rẹ̀ nínú òfin àpapọ̀ ilẹ̀ yìí.

7.0 ÒṢÙWỌ̀N TÍ KÒ DỌ́GBA

Ìṣòro wà nínú àkọsílẹ̀ tí ó gbẹ̀yìn òfin náà, níbi tí wọ́n ti to àwọn iṣẹ́ tí àyẹ̀wò wọn jẹ́ dandan. Nípa òkúta ìkọ́lé, òfin sọ pé dandan ni bí ibi ìwakùsà bá wà láàrín kìlómítà 3 sí ibi tí ènìyàn ń gbé, ibi ọjà tàbí ibi iṣẹ́. Èyí jẹ́ òṣùwọ̀n ibi. Nípa wíwa iyanrìn láti inú omi, ó sọ pé dandan ni bí ààyè rẹ̀ bá tó hẹ́kítà 50. Èyí jẹ́ òṣùwọ̀n títóbi. Orúkọ yangí kò sí níbẹ̀ rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, kòtò òkúta kan lè bọ́ sábẹ́ àyẹ̀wò dandan, kí kòtò yangí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì jìn jù ú lọ, má bọ́ sí i.

Ó dára kí a wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà “kékeré” túmọ̀ sí nínú ìṣirò. Bí kòtò kan bá jẹ́ mítà 200 ní gígùn, mítà 100 ní ìbú àti mítà 5 ní jíjìn, hẹ́kítà 2 péré ni. Kò ju ìdá kan nínú ìdá 25 hẹ́kítà 50 lọ. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ tí yóò jáde nínú rẹ̀ tó mítà kúbíkì 100,000. Bí tipà kan bá ń gbé mítà kúbíkì 10 lẹ́ẹ̀kan, ìrìn 10,000 ni. Bí wọ́n bá fi 200 ọjọ́ ṣe é, ìgbà 50 ni tipà tí ó kún yóò kọjá lójúmọ́, ìgbà 50 ni òfìfo yóò sì padà. Ó di ìgbà 100 lójúmọ́ lórí ọ̀nà abúlé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń rìn. Nígbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ yóò bo ewé kòkó àti gbàgùdá tí wọ́n sá sórí àpáta.

Òṣùwọ̀n kìlómítà 3 pẹ̀lú kò tó. Ó bá eruku àti ariwo mu, nítorí pé méjèèjì ń dín kù bí wọ́n bá ṣe ń jìnnà sí orísun wọn. Kò bá omi mu. Odò kò mọ kìlómítà 3. Kòtò tí ó wà ní kìlómítà 4 sí abúlé, ṣùgbọ́n tí ó wà ní orísun odò tí abúlé náà ń mu, léwu fún un ju èyí tí ó wà ní kìlómítà 2 ní apá ìsàlẹ̀ lọ.

Àwọn òfin tí ó tẹ̀ lé e ti tún nǹkan ṣe díẹ̀. Òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 kà á léèwọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ ìwakùsà lórí ilẹ̀ tí ìlú, abúlé, ọjà, ibi ìsìnkú tàbí ojúbọ àwọn baba ńlá wà, tàbí láàrín mítà 50 sí rélùwéè, ilé ìjọba, ìdídò tàbí ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Èèwọ̀ igbó òrìṣà àtijọ́ tún ti padà wọ inú ìwé. Òfin kan náà dá owó àpawọ́pọ̀ sílẹ̀ fún títún ilẹ̀ ṣe lẹ́yìn ìwakùsà. Ní 2013, ìlànà àpapọ̀ tuntun jáde fún fífọ́ òkúta àti lílo ohun abúgbàù. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni kí ẹnì kan dé ibi kòtò kékeré kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọpa fi hàn pé ìbéèrè nípa ibi kò jẹ́ tuntun. Èèwọ̀ ìṣáájú béèrè rẹ̀ ní orúkọ òrìṣà. Ìwakùsà ayé òyìnbó gbàgbé rẹ̀, etíkun Èkó sì san gbèsè náà. Òfin ohun-ìní kò kà á sí, òfin àyíká sì mú un padà wá, ṣùgbọ́n ó fi nọ́ńbà dí i lọ́nà.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ kòtò kékeré sí ibikíbi, ìbéèrè márùn-ún ni ìtàn yìí fi lélẹ̀ kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀. Níbo ni ojú omi abẹ́ ilẹ̀ wà nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Odò wo ni ó ń gba omi ibẹ̀, ta ni ó sì ń mu ún? Níbo ni wọn yóò kó erùpẹ̀ òkè sí kí ó lè padà sí ojú ilẹ̀? Ọ̀nà wo ni tipà yóò gbà? Ta ni yóò dí kòtò náà, owó rẹ̀ dà? Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn wọn sì wà lẹ́nu àwọn àgbàlagbà abúlé, tí wọ́n mọ ìsun tí kì í gbẹ àti ibi tí ọ̀gbàrá ti kọ́kọ́ ń ya.

Ẹni tí ó bá fi ojú títóbi nìkan wo kòtò yóò rí i pé hẹ́kítà 2 kò tó nǹkan. Ẹni tí ó ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í fi hẹ́kítà wọn ọ́n. Ìkòkò omi rẹ̀ ni ó fi ń wọn ọ́n.